Etí Aṣọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ní Takon àti ní gbogbo àgbègbè wa, láti Sakété títí dé Pobè, bí ìyá àgbà kan bá papò dà, tí a ti sin ín tán, tí a ti jẹ, tí a ti mu, tí àwọn àna àti àlejò sì ti padà sí ilé wọn, iṣẹ́ kan ṣì kù tí àwọn ọmọ olóògbé kò lè ṣàì ṣe, èyí ni pé kí wọ́n jókòó yí àpótí aṣọ rẹ̀ ká, kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n sì pín ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àròyé ti í máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á fa ìró kan yọ, á ní ojúlówó Hollandais, àǹkárá Họ́láǹdì, tí ìyá àwọn rà ní Lomé kí wọ́n tó bí òun ni. Àbúrò á fọwọ́ pa á wò, á yínmú, á ní ayédèrú lásán ni, àwọn ọlọ́jà ló tan ìyá jẹ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà àgbà yìí gan-an ni àwọn ènìyàn ń wá kiri lónìí, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu, ní Paris àti ní London, àwọn aránṣọ ìgbàlódé àti àwọn tí ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ, tí wọn kò sì ní kọ̀ láti san owó gidi lé àǹkárá àtijọ́ lórí, bí ó bá ti lè dá wọn lójú pé ohun tí a pè é náà ni ó jẹ́.

Èmi kì í ṣe adájọ́ lórí ogún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní ẹlẹ́rìí kan tí a kì í sábà pè. Etí aṣọ ni ẹlẹ́rìí náà. Etí tí mo wí yìí kì í ṣe ibi tí aránṣọ ṣẹ́ tí ó sì rán mọ́lẹ̀, bí kò ṣe bèbè méjèèjì tí ó gùn jù lọ lára aṣọ, níbi tí òwú ìdábùú ti ń ṣẹ́rí padà nígbà tí a ń hun ún, tí kì í sì í tú bí ibi tí a fi abẹ gé. Níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ àwòrán sára aṣọ máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ní lẹ́tà kéékèèké, léraléra láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, tí ó fi jẹ́ pé ibi yòówù tí ìyá aláṣọ bá ti gé e, ìbáà ṣe ọ̀pá méjì, ìbáà ṣe ọ̀pá mẹ́fà, orúkọ náà yóò bá a lọ. Bí ilà ojú ti ń sọ ìran ènìyàn láyé àwọn baba wa, tí onílà kò sì ní láti la ẹnu kí a tó mọ ilé tí ó ti wá, bẹ́ẹ̀ ni etí aṣọ ń sọ ilé-iṣẹ́ tí ó bí aṣọ, àti nígbà mìíràn, sáà tí ó bí i. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ní ọgbọ́n kò ní dúró lórí ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo: etí ni kí a kọ́kọ́ wò, ara aṣọ ni kí a sì gbà gbọ́.

Kí èyí tó lè yé wa dáadáa, ó yẹ kí a mọ bí àǹkárá ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní erékùṣù Java, lápá ìlà-oòrùn ayé lọ́hùn-ún, ni àwọn obìnrin ti ń fi ìda oyin ya àwòrán sára aṣọ funfun láti ìgbà pípẹ́, tí wọn yóò rì í sínú aró, kí ibi tí ìda bò má baà mu aró. Àwọn ará Họ́láǹdì tí ń ṣàkóso ibẹ̀ rí i, wọ́n sì rò pé bí ẹ̀rọ bá lè ṣe ohun tí ọwọ́ ń ṣe, owó ńlá wà níbẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀gbẹ́ni Prévinaire ní ìlú Haarlem dá ẹ̀rọ kan sílẹ̀ tí ń fi oje igi tí a yọ́ tẹ àwòrán sí ojú àti ẹ̀yìn aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà; ní ìlú Helmond, ìdílé van Vlissingen ti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1846, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Vlisco lónìí. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà tí ẹ̀rọ kò lè borí: oje igi náà a máa sán bí ó bá gbẹ, aró a sì wọ inú ojú sísán náà, á ya bí iṣan wẹ́wẹ́ kiri ara aṣọ. Àwọn ará Java kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Nígbà tí oníṣòwò ará Scotland kan, Ebenezer Brown Fleming, kó irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dé Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ní àwọn ọdún 1890, ohun tí wọ́n kà sí àbùkù ní Java ni àwọn ìyá etí òkun wa rí tí wọ́n fi yà sí i, wọ́n ní aṣọ tí kò sí ibì kan lára rẹ̀ tí ó jọ ibòmíràn, aṣọ gidi ni. Àbùkù yìí kan náà ni yóò wá gbà wá lọ́wọ́ ẹlẹ́tàn, bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Láti Gold Coast ni ó ti ràn dé Lomé, níbi tí àwọn ìyá olówó tí a ń pè ní Nana Benz, nítorí ọkọ̀ Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn, ti sọ òwò rẹ̀ di tiwọn, tí ìyá kan a sì gba àwòrán kan lọ́wọ́ òyìnbó pé òun nìkan ni òun yóò máa tà á, tí àwọn oníbàárà á sì fún àwòrán náà lórúkọ: ọkọ mi tó bẹ́ẹ̀, ojú orogún mi, àti èyí tí ó ní ẹyẹ alápàńdẹ̀dẹ̀ lára, tí àwọn ará Gánà ń fi sọ pé owó ní ìyẹ́. Láti Lomé ni ó ti dé ọjà Dantokpa ní Kútọnu, láti Dantokpa ni ó ti gòkè wá bá àwa Nàgó, tí ó sì ti gba Igolo àti àwọn ọ̀nà ìgbẹ́ kọjá sí Nàìjíríà, pàápàá ní àwọn ìgbà tí ìjọba ibẹ̀ fòfin de aṣọ títẹ̀ láti òkè òkun. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ojú ọ̀nà yẹn kò nílò ìwé kí ó tó mọ iyì Hollandais.

Iyì ni í pe afarawé wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń tẹ àwòrán kan náà kiri, ni àwọn ará Helmond ti ń kọ ọ́ sí etí aṣọ wọn ní èdè Faransé pé «Véritable Wax Hollandais» àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé «Guaranteed Dutch Wax», pẹ̀lú orúkọ Vlisco gẹ́gẹ́ bí òǹtẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sójú oòrùn kí a kà á. Kí ẹ kọ́kọ́ wò bóyá orúkọ Vlisco wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí ọgbọ́n àwọn afarawé ni pé wọn yóò kọ «wax», wọn yóò kọ «Dutch», wọn yóò kọ «véritable», ohun gbogbo ni wọn yóò kọ àfi orúkọ ẹni tí ó ṣe é; bí adájọ́ bá sì mú wọn, wọn á ní àwọn kò jí orúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tí kò gbọ́ Faransé tí ó ń da Faransé kọ, ibì kan ni yóò ti ṣì í. Kí ẹ wo bí lẹ́tà ṣe mọ́ tó: bí ó bá dàrú pọ̀ bí ẹni pé inki ṣàn, kí ẹ fura. Ìwé aláwọ̀ wúrà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú aṣọ tí a ká, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí ẹ̀rí, nítorí ohun tí a lẹ̀ ṣeé ṣí, ìwé tí a ṣí lára èyí a sì máa lẹ̀ mọ́ ara tọ̀hún.

Vlisco nìkan kọ́ ni ó ní etí tí ó ṣeé kà. Èyí tí ó bá ní lẹ́tà ABC, tí ó sì wí pé «English Wax», ìlú Hyde lẹ́bàá Manchester ni ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Uniwax, Abidjan ni. GTP, Tema ní Gánà ni. Wàyí o, bí a bá rí etí tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan rárá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a yára dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ti wà ṣáájú àwọn ọdún 1960 lè ṣàìní ọ̀rọ̀ kankan, kí ó sì jẹ́ bàbá fún gbogbo àwọn tí ó ní ọ̀rọ̀. Ohun tí etí tí kò kọ nǹkan ń sọ ni pé kí a lọ bi ara aṣọ léèrè.

Ìtàn orílẹ̀-èdè wa náà ti ṣe wá lóore kan lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí. Aṣọ àjọyọ̀ tí a tẹ̀ pẹ̀lú orúkọ «Dahomey» kò lè jẹ́ aṣọ tí a ṣe fún ayẹyẹ ìjọba lẹ́yìn ọjọ́ 30 oṣù November ọdún 1975, tí a yí orúkọ ilẹ̀ yìí padà. Èyí tí ó bá wí pé «République Populaire du Bénin», àárín ọjọ́ náà àti ọdún 1990 ni ó wà, nítorí lẹ́yìn àpérò àpapọ̀ tí a ṣe ní Kútọnu ní oṣù February ọdún 1990 ni a yọ ọ̀rọ̀ «Populaire» kúrò. Ti ìjọ Kátólíìkì rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn Póòpù wá sí ilẹ̀ yìí ní 1982, ní 1993 àti ní 2011, aṣọ tí a bá sì tẹ̀ fún irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ a máa gbé ọjọ́ ara rẹ̀ káàyà. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn aṣọ wọ̀nyí nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni a tẹ̀ wọ́n sí. Ní tèmi, aṣọ ìró tí a kọ «Dahomey» sí, tí ó ti ṣá díẹ̀, sàn ju Hollandais mẹ́wàá tí a rà lánàá lọ.

Ó wá ku ara aṣọ. Ìgbà tí owó le ni ẹ̀tàn pọ̀ sí i, owó wa sì le ní oṣù January ọdún 1994, tí wọ́n gé agbára CFA sí ìdajì, tí 50 CFA tí ó tó fún faransi kan ti ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀ fi di 100. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tí ó ti Họ́láǹdì wá di ohun tí ìyàwó òṣìṣẹ́ kò lè fi ọwọ́ kàn mọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni aṣọ Ṣáínà kún ọjà, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú àwòrán tí a ṣà láti ara ti Helmond, tí òmíràn sì gbé orúkọ Helmond pàápàá sí etí. Kí n sọ tèmi síbí: aṣọ tí a ṣe ní Ṣáínà, tí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí etí, bí Hitarget ti ń ṣe, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, owó rẹ̀ sì bá àpò tálákà mu. Èyí tí ó gbé orúkọ ẹlòmíràn sórí ni olè.

Bí a ó ti mú olè náà nìyí. Ẹ yí aṣọ padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: lára ojúlówó, ojú àti ẹ̀yìn mu àwọ̀ bákan náà, tí ó fi jẹ́ pé àyàfi ẹni tí ojú rẹ̀ mú gidigidi ni yóò mọ èyí tí í ṣe ojú. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ojú sísán tí mo sọ nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ aláwọ̀ aró tí ń sáré kọjá lórí àwòrán. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ wo bí ó ṣe yà, bóyá ó pín sí méjì lẹ́bàá ìyẹ́ ẹyẹ. Kí ẹ wá fi ìka tọ aṣọ náà lọ títí ẹ ó fi bá ibi tí ẹyẹ kan náà tún ti fara hàn. Bí iṣan náà bá tún wà níbẹ̀, tí ó tún pín sí méjì lẹ́bàá ìyẹ́ kan náà, ọ̀ràn ti yanjú: òǹtẹ̀ ni, a ya àwòrán ojú sísán ni, oje igi kan kò sán níbẹ̀. Lára ojúlówó, àwòrán ni í padà wá, ojú sísán kì í padà wá láéláé, nítorí kò sí ẹ̀rọ tí ó lè pàṣẹ fún oje igi pé ibi báyìí ni kí o ti sán. Bákan náà ni ẹ ó rí àwọn àmì róbótó kéékèèké níbi tí ìwọ̀nba oje igi ti rọ̀ mọ́ aṣọ nígbà tí a ń fọ̀ ọ́ kúrò, tí àwọ̀ kejì kò sì ráyè wọlé dáadáa. Àwọ̀ kejì yìí fúnra rẹ̀ a máa yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí ìlà tí ó yẹ kí ó wà, ìwọ̀n ẹ̀yà irun kan tàbí méjì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní iṣẹ́ náà kò dán mọ́rán, á sì lọ mú ayédèrú tí ìlà rẹ̀ gún rẹ́gẹ́.

Ọ̀rọ̀ etí aṣọ kò tán lórí àǹkárá, nítorí pé aṣọ mìíràn wà tí ń gba ilẹ̀ wa kọjá, èyí tí àwọn aládùúgbò wa ní Nàìjíríà ń pè ní òkìrìkà. Ní Missèbo, ní Kútọnu, ni wọ́n ti ń tú bélì rẹ̀, tí ẹ̀wù tí oníṣẹ́ ọnà ńlá kan rán ní Paris lè wà lábẹ́ ṣòkòtò ọmọ iléèwé, kí àwọn ìyá wa tó rà á wá sí ọjà Pobè àti Sakété, kí wọ́n sì tà á ní iye kan náà pẹ̀lú èyí tí ó ti ya. Níhìn-ín, àmì kì í sí ní etí mọ́, ọrùn ni ó wà. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà tọ́ fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sórí bélì pẹ̀lú. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Frederick Worth, tí ó ṣí ilé ìránṣọ ní Paris ní 1858, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rán orúkọ ara wọn mọ́ inú ẹ̀wù bí ayàwòrán ti ń kọ orúkọ sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo àwọn tí ó tẹ̀ lé e sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Àmì ọrùn a máa sọ ọjọ́ orí fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bi. Ẹ̀wù obìnrin láti Amẹ́ríkà tí ó ní àmì ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ obìnrin, ILGWU, kò lè jẹ́ ti lẹ́yìn 1995, nítorí ní ọdún náà ni ẹgbẹ́ náà dà pọ̀ mọ́ òmíràn tí orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Láti 1972 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí a kọ bí a ó ti fọ aṣọ sí inú rẹ̀; bí a kò bá rí i, tí kò sì sí àpá pé a gé nǹkan kúrò, ó ṣeé ṣe kí aṣọ náà dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa yóò fẹ́ràn jù ni ti ṣòkòtò Levi's: aṣọ pupa kékeré tí ó yọrí ní ẹ̀gbẹ́ àpò ẹ̀yìn ti wà láti 1936, lẹ́tà ńlá ni wọ́n sì fi ń kọ gbogbo orúkọ náà títí di 1971, kí wọ́n tó sọ lẹ́tà E di kékeré. Ṣòkòtò tí ó ní E ńlá lè níye lórí ju gbogbo bélì tí ó ti wá lọ, àyàfi bí ó bá jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn náà ní àwòkọ ti àtijọ́, èyí tí ó sì ń mú kí a máa wo òwú, bọ́tìnì àti ìwé inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí a rán ṣeé tú. Nítorí náà, bí ẹ bá rí orúkọ ńlá ní ọrùn ẹ̀wù kan, ẹ wo òwú tí a fi rán an, bóyá ó jọ òwú tí a fi rán ẹ̀wù náà. Ẹ wo ihò abẹ́rẹ́, bóyá ihò mìíràn wà níbẹ̀ tí òwú kankan kò gbà. Kí ẹ sì gbé igun kan sókè bí ó bá tú díẹ̀, nítorí àwọ̀ tí ó wà lábẹ́ àmì tí ó ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún yóò dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ, oòrùn àti ọṣẹ kò ráyè dé ibẹ̀. Bí abẹ́ àmì àti àyíká rẹ̀ bá ṣá bákan náà, àmì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Aṣọ tiwa gan-an, òfì àti sányán baba aṣọ, kò ní etí tí a kọ nǹkan sí, kò sì ní àmì ọrùn. Ọwọ́ ahunṣọ ni òǹtẹ̀ rẹ̀, àwọn àgbàlagbà tí ó mọ ọwọ́ ahunṣọ kọ̀ọ̀kan sì ń dín kù lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ní irú wọn nílé kí ó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti bírò.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní sí ẹ̀yin oníbàárà àti ẹ̀yin aránṣọ Takon, Pobè àti Sakété. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin aránṣọ ń fi àlùmọ́gàjí gé etí aṣọ dànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé kò jẹ́ kí ẹ̀wù náà gún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a sí. Bí kò bá lè wà lóde, ẹ ṣẹ́ ẹ sínú, ẹ rán an mọ́lẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìró tàbí nínú apá bùbá. Bí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹ gé e, ẹ fi ìwọ̀n ọwọ́ kan rẹ̀ fún ẹni tí ó ni aṣọ, kí ó kọ ọdún tí ó rà á àti ọjà tí ó ti rà á sórí ìwé, kí ó so ó mọ́ ọn, kí ó sì kó méjèèjì sínú àpótí pẹ̀lú aṣọ náà.